Ológbò Tó Ń Wúkọ́ Bí Èèyàn

Ọjọ́ kẹta tí ológbò náà dé ilé wa ni mo bá a níbi tó ti ń sùn, tó jókòó, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò ká jọ bí ológbò ṣe ń ká jọ, kò sì nà gbalaja. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ síwájú, orí rẹ̀ tẹ̀ sórí àyà bíi ti àgbàlagbà tí kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nítorí pé èémí kò tó o. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, ó tú èémí jáde bí ẹni tí ayé sú, ó ní, "Hùn."

Láti ilé ìdáná ni ìyàwó mi ti ké sí mi.

"Bàbá wa, àlejò wo ló ń wúkọ́ ní pálọ̀ tí ẹ kò pè mí kí n wá kí i?"

"Ológbò rẹ ni."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o jàre. Ohùn ọkùnrin ni mo gbọ́."

Ó jáde wá, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́, ó sì wo gbogbo pálọ̀ títí dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀, àti ológbò.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò bẹ inú náà kó má bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Mo ti ń fi ayùn wá oúnjẹ láti ìgbà tí n kò tíì hu irùngbọ̀n. Mo ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́rin kí n tó mọ̀wé kà, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti lọ ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìyá wọn, aládùúgbò wa kan ló sì máa ń bá wa kà á. Ọkùnrin yẹn a máa rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín, a sì máa fo ibi tó bá wù ú. Lọ́jọ́ kan mo já lẹ́tà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo lọ ra ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní a, b, d, mo kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lókè ibi tí mo ti ń fági. Ọdún méjì ló gbà mí. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Akẹ́kọ̀ọ́ Onírun Funfun. Mo kọ etí ikún sí wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò wá lè ṣe: mi ò lè pa ẹnu dé kàwé. Àfi kí ètè mi sọ ọ́, kí etí mi gbọ́ ọ, kó tó yé mi. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun kò mọ̀wé rárá, nítorí náà ohun gbogbo tí ọwọ́ mi bá ti bà ni mo ń kà sókè fún un: lẹ́tà, ìwé ìròyìn, ara páálí ọṣẹ, bébà tó máa ń wà nínú oògùn. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò ní, "Bàbá wa, ẹ ka nǹkan sí mi létí." Mi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi jùyẹn lọ láyé.

Òun ló fẹ́ ológbò. Ó ní ilé ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ, pé òun ń fẹ́ ohun tó ń mí tí òun lè gbé lé itan. Wọ́n júwe obìnrin kan fún mi tó ń sin ológbò, tó ń fi wọ́n fún àwọn tó bá fẹ́. Mọ̀mí Ológbò ni wọ́n ń pè é.

Ilé rẹ̀ mọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àgò tí àwọn ológbò wà nínú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, ilẹ̀ ń dán, aṣọ ojú fèrèsé funfun báláú. Ṣùgbọ́n òórùn ìpara tí wọ́n fi ń ra àyà aláìsàn gba gbogbo ibẹ̀. Ìlẹ̀kùn yàrá kan ṣí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú káfíńtà sì lọ síbi tí ojú káfíńtà máa ń lọ: mo rí bẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n ti gégi méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní apá ibi orí, kí ẹni tó bá sùn lé e lè sùn bí ẹni tó jókòó. Wọ́n gé igi náà wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ. Ẹnì kan ń wúkọ́ nínú yàrá náà.

"Ọkọ mi ni," obìnrin náà sọ. "Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí àyà ti ń dà á láàmú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà."

"Àmín," ló wí, ó sì wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń fi téèpù wọn pákó.

Ó gbé ológbò eléérú kan fún mi, ó wá fi ìwé kan síwájú mi lórí tábìlì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ róbótó róbótó, ó wuyì lójú. Ó ní gbogbo ẹni tó bá gba ológbò lọ́wọ́ òun ló ń buwọ́ lu irú rẹ̀. Mo fi awò mi sójú.

"Ṣé kí n bá yín kà á ni, Bàbá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. "Mo mọ̀ ọ́n kà," ni mo dá a lóhùn. "Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ kà á kí n gbọ́."

Mo kà á. Mo gbé ohùn sókè, mo kà á bí ẹni tó dúró níwájú ìjọ. Ó ní: *Èmi tí mo ń fi ẹnu ara mi ka ìwé yìí, mo gba ológbò yìí pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀. Mo gbà á sínú ilé mi. Kò ní padà síbi tó ti wá.*

Ikọ́ ń lọ nínú yàrá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé "tó ti wá," ó dúró. Kì í ṣe pé ó rọlẹ̀, ó já ni, bí okùn ṣe ń já. Obìnrin náà di ojú, èjìká rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn tó kù kàn máa ń buwọ́ lù ú ni."

Mo rò pé ó ń yìn mí nítorí ìwé kíkà. Orí mi wú. Mo gbé ológbò rìn délé bí ọkọ ìyàwó, mo sì ròyìn fún ìyàwó mi bí mo ṣe kàwé níwájú obìnrin tó mọ̀wé tí ohùn mi kò gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn, ó sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Orí àyà ìyàwó mi ló yàn láti máa sùn lọ́sàn-án, bó bá sì ti jí, yóò fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbàkigbà tí mo bá ń ka ìwé ìròyìn, yóò wá jókòó níwájú mi. Kì í wo ìwé. Ètè mi ló máa ń wò.

"Ẹ wò ó," ìyàwó mi ní, "òun náà fẹ́ mọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ Onírun Eléérú."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ikọ́ náà kò dẹwọ́, ológbò sì ń rù sí i lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọmọbìnrin ni, kò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ológbò, ó ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó gbé e sójú iná, ó sì dúró síwájú rẹ̀ pẹ́.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí ológbò yìí?"

Mo sọ fún un. Ó pa iná náà.

"Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta ti gbé ológbò obìnrin yẹn wá síbí ṣáájú yín, ikọ́ kan náà, àwòrán kan náà. Kò sí èyí tó lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ."

"Àwọn tó ni wọ́n ńkọ́? Ṣé nǹkan ṣe wọ́n?"

"Rárá o. Wọ́n sunkún ológbò wọn, wọ́n lọ sílé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí obìnrin yẹn ṣe ń gbé wọn jáde kò yé mi. Bí ọ̀kan bá ti kú, kì í pẹ́ tí yóò tún fi wá òmíràn fún ẹlòmíràn."

Mo gba ibẹ̀ lọ sílé Mọ̀mí Ológbò. Kò jẹ́ kí n wọlé. Ẹnu géètì ló ti dá mi lóhùn, ó fi ọwọ́ kan di irin géètì mú.

"Ológbò tí mo fún yín kò ní àrùn, Bàbá. Bóyá ilé yín ló tutù."

"Ilé mi? Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kan òrùlé rẹ̀. Kò tutù."

"Tàbí eruku pákó láti ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ ṣáà ń fági níbẹ̀."

"Madaamu, ṣé èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀ báyìí? Mo bá ológbò jà ni? Ikọ́ yìí wà lára rẹ̀ kó tó kúrò níbí."

"Ẹ ti ka ìwé," ló wí. "Ẹ ti kà á fúnra yín. Ẹ ní ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀." Ó rọra ti géètì. Kò jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn kó jágbe mọ́ mi. Ojú àánú ló fi wò mí, ìyẹn ló sì dùn mí wọ egungun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo ń fọ ẹnu nígbà tí mo gbọ́ ikọ́. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Mi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Mo ní, "Ọlọ́run, má jẹ́ kí ológbò yìí kú lónìí." Nígbà náà ni mo rí i pé ológbò wà ní ẹsẹ̀ mi. Ó dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irun rẹ̀ ń dán, ó gbé ìrù sókè, ó ń wá oúnjẹ.

Inú yàrá ni ikọ́ ti wá.

Ìyàwó mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ síwájú. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó tú èémí jáde, ó ní, "Hùn."

"Ìyá wa, kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ó máa ń dà bí ẹni tí omi wọ̀ lọ́fun." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí tèmi. "Ẹ má fajúro. Àgbà ló dé."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán fún òun náà. Dókítà tó gbé e sójú iná dúró síwájú rẹ̀ pẹ́, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó la ẹnu. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n fún un ní oògùn olómi. Mo ka ara ìgò rẹ̀ fún un, ikọ́ rẹ̀ gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nígbà mẹ́fà kí n tó kà á tán.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Òrùka rẹ̀ ń yọ jáde ní ìka. Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti gégi méjì tí mo máa fi sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa ní apá ibi orí. Mo ti wọn àkọ́kọ́, mo ti fa ìlà, mo ti gbé ayùn lé e, kí ọwọ́ mi tó dá dúró. Mo rántí ibi tí mo ti rí irú igi yẹn. Mo rántí ikọ́ tó já bí okùn.

Mi ò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Bí mo ṣe wà ni mo lọ.

Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́sàn-án yẹn. Ọkùnrin arúgbó kan dúró lórí àkàbà, ó ń fi ọ̀dà kun fèrèsé, ó sì ń súfèé. Súfèé! Ó sọ̀kalẹ̀ láìdi nǹkan kan mú, ó kí mi pẹ̀lú ọ̀yàyà.

"Ẹ káàsán, sà. Ìyàwó mi lẹ wá bá? Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà kàn yín."

Tíṣà nìyẹn. Ìlẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, mo sì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Igi méjèèjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìdọ̀tí tó fẹ́ jáde.

Obìnrin náà ti pálọ̀ yọ. Bó ṣe rí mi, ó fún ọkọ rẹ̀ ní iṣẹ́ kan lẹ́yìnkùlé, ó dúró títí ó fi lọ.

"Ológbò ńkọ́, Bàbá?"

"Ara rẹ̀ ti yá."

"Ẹ ò rí i? Lọ́jọ́sí ẹ ní ó ń ṣàìsàn. Ara rẹ̀ yá tán, ẹ tún wá. Kí wá lẹ ń fẹ́ gan-an?"

"Ìyàwó mi ló ń wúkọ́."

Ó ń yí ìbọ́tìnì aṣọ rẹ̀ láàárín ìka méjì.

"Ìwọ obìnrin yìí, mo ní ìyàwó mi ló ń wúkọ́! Ikọ́ ọkọ rẹ!"

"Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Kò mọ̀. Mi ò sọ fún un. Ó rò pé oògùn ló ṣiṣẹ́." Ó sún mọ́ mi. "Ọdún mẹ́ta, Bàbá. Ológbò mọ́kànlá. Bí ọ̀kan bá ti gbà á fún un, ara rẹ̀ a yá fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹn bá kú, á tún padà. Ẹnì kankan kò ka ìwé yẹn sókè rí. Wọn a kàn sáré wò ó, wọn a buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin nìkan lẹ kà á. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn yín, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló rán yín sí mi."

"Ọlọ́run wo?"

"Ẹ máa mú ológbò mìíràn. Ẹ mú méjì."

Ká ní mo mú òòlù mi dání lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Mo jáde. Tíṣà juwọ́ sí mi láti ẹ̀yìnkùlé. Mo juwọ́ padà sí i.

Nígbà tí mo délé, mo yọ ìwé ológbò tí obìnrin náà ní kí n mú lọ sílé láti inú àpótí. Mo la ẹnu, mo ní, "Èmi tí mo ń fi ẹnu…" Ikọ́ sì bú jáde lẹ́nu ìyàwó mi nínú yàrá. Ikọ́ náà le débi pé mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń lu ògiri. Mo pa ẹnu dé, ikọ́ náà rọlẹ̀.

Mo ká aṣọ ìnujú, mo tì í bọ ẹnu, mo fi eyín dè é mọ́lẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Odindi wákàtí kan ni mo fi ka ìlà mẹ́ta. Òógùn bò mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu dé kàwé.

Lẹ́yìn náà mo mú bírò, mo kọ tèmi. Mi ò sọ pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo kàn mọ̀ pé bí wọ́n bá fi èèkàn de nǹkan, wọ́n lè fa èèkàn náà yọ. Mo kọ ọ́ báyìí: *Èmi tí mo ń fi ẹnu ara mi ka ìwé yìí, mo gba ikọ́ tí wọ́n gbé kúrò nílé yìí padà. Mo gbà á sára mi. Kò ní lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́.*

Obìnrin náà ni mo kọ ọ́ fún. Kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Òun ni mo fẹ́ kó kà á.

Ní ọjọ́ kejì mo bá òun àti ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì, wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Mo ní kó bá mi kà á, pé awò mi ti fọ́. Ó gbé e. Ojú rẹ̀ lọ láti ìlà kan sí ìkejì, ètè rẹ̀ kò mira. Ó kà á tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó dà á délẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tún mú ṣíbí rẹ̀.

"Kò sí ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀," ló wí.

Mo ti pàdánù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí pákó já mọ́ lọ́wọ́.

Tíṣà ló na ọwọ́. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà? Ìyàwó mi sọ fún mi pé àgbàlagbà kan wà tó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ ìkọ̀wé yín."

Ó ṣí i. Ó nà án síwájú bí tíṣà ṣe ń na ìwé akẹ́kọ̀ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún mi kí n lè gbọ́ bí iṣẹ́ mi ṣe dùn tó.

"Èmi tí mo ń fi ẹnu ara mi ka ìwé yìí…"

Ọwọ́ mi yá. Káfíńtà ni mí, mo lè já ìṣó gbà lójú òfuurufú. Mo lè já ìwé yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò já a gbà.

"Dákẹ́!" Obìnrin náà ti fò dìde, àwo oúnjẹ rẹ̀ fọ́ sílẹ̀. "Má kà á! Mo bẹ̀ ọ́, má kà á!"

Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo èmi. Ó tún wo ìwé náà, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ síwájú lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó kà á tán nínú ara rẹ̀. Ó wo àwọn àgò tó tò lẹ́sẹẹsẹ lára ògiri.

"Ta ló ń wúkọ́?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí.

"Ìyàwó mi."

"Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Mo sọ ọjọ́ náà. Ó mi orí.

"Mo rò pé oògùn ni," ló wí. Ó yọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kúrò lápá rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, láìbínú. Ó gbé ìwé náà sókè, ó padà síbẹ̀rẹ̀, ó sì kà á já ní ohùn gbooro, kò fo ọ̀rọ̀ kankan.

Mo ti dé géètì kí n tó gbọ́ ọ. Kúkúrú méjì, gígùn kan.

Ìyàwó mi ń gbálẹ̀ nígbà tí mo délé. Ó ní ebi ń pa òun. Ó ní kí n wo bí òrùka òun ṣe ti dúró ní ìka.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni dókítà ẹran sọ fún mi pé tíṣà ti kú. Ìbínú mi sí obìnrin náà wà digbí títí dòní, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mo lè gbé e sí mọ́. Mo ní kí ìyàwó mi jẹ́ kí n gbé ológbò lọ. Ó ní bí ológbò bá lọ, òun náà ń bá a lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo bá àkọ́kọ́ lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Mo bá ìkejì nínú ìwé ìròyìn tí mo fi ọwọ́ ara mi rà. Ìkẹta wà nínú páálí oògùn tí ẹnì kan kò tíì ṣí. Lẹ́tà róbótó róbótó. *Èmi tí mo ń fi ẹnu ara mi…* Mo sun gbogbo wọn.

Mi ò kàwé sókè mọ́ nínú ilé yìí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ojú mi ti ń kú. Kò gbà mí gbọ́. Ó rò pé mò ń bá òun jà, kò sì mọ ohun tí òun ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ṣì máa ń gbé àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á jókòó díẹ̀, á tún gbé e padà.

Lánàá ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ wa àgbà. Ọwọ́ ọmọ wa ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èdìdì rẹ̀ kò sì tú. Ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Bàbá wa, mo ti ń retí rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Ẹ kà á sí mi létí, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo ṣí i. Ojú ewé àkọ́kọ́ jẹ́ ìkíni, ọwọ́ ọmọ wa ni. Mo ṣí èkejì. Lẹ́tà ibẹ̀ róbótó róbótó.

"Kí ló wí?" ìyàwó mi bi mí. "Bàbá wa, ẹ la ẹnu yín. Kí ló wí?"

Ológbò gbé orí sókè lórí itan rẹ̀. Ó ń wo ètè mi.